Igbó Yàgbà àti ihò kùsà àtijọ́: ṣé ọdẹ ni kó mú yín wọ̀ ọ́ ni, ọlọ́kadà, awakùsà àbí ẹgbẹ́?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fọ́tò ihò kan sórí WhatsApp ni fóònù mi ò ti sinmi mọ́. Ihò kùsà ni, omi òjò ti kún inú ẹ̀, omi yẹn wá rí bí ewé tútù, igi ti hù yí i ká, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ibi tí àwọn olówó ti ń ṣe fàájì ni. Ìbéèrè tó ń wọlé ò yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe ń débẹ̀? Èló ló máa ná wa? Ṣé èèyàn lè mú ọmọ dání?" Mo ti dáhùn títí ó fi sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ júwe ibẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Kogi ni, ilẹ̀ àwa Okun, ní Yàgbà gan-an, láàárín Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Ejiba. Ẹni tó bá ń ti Abuja bọ̀ á gba Lọ́kọ́jà wọ Kàbà, á kọjá Mọ̀pà àti Ìsánlú kó tó kan Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ ní tiẹ̀ á gba Ìlọrin àti Òmù-Àrán. Abẹ́ ilẹ̀ wa ní kùsà: tantaláìtì tí wọ́n fi ń ṣe ohun kékeré kan tó ń gba iná dúró nínú fóònù tí ẹ mú dání yìí, kolọ́ḿbáìtì, bẹ́rílì, wúrà náà wà. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń wà á. Àwọn tó ń wà á lọ, ihò wọn ò bá wọn lọ, igbó wá bẹ̀rẹ̀ sí í hù bò ó, omi wọ ibi tí omi lè wọ̀, ejò wọ ibi tí ejò lè wọ̀. Odò Kampe náà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, dáàmù Omi tí wọ́n ṣe láti fi bomi rin oko wà lórí ẹ̀ lọ́nà Ejiba, igbó Kampe sì wà lára igbó 10 tí ìjọba àpapọ̀ kéde láyé Buhari pé àwọn fẹ́ sọ di páàkì orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ẹ má wá retí Yankari o, ibi tí mọ́tò á ti gbé yín káàkiri kí ẹ tó lọ wẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Igbó lásán ni tiwa, igbó tó ní ihò nínú.

Nísinsìnyí, ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé gbogbo èèyàn ló ń da ara ẹ̀ láàmú lórí igbó wo ni ká lọ, ihò wo ló dára jù fún fọ́tò. Igbó kan náà yìí ni mo ti wọ̀ lọ́nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi bí ẹni pé ìlú mẹ́rin ni mo lọ. Ẹni tó bá ṣíwájú yín ló máa sọ ohun tí ojú yín máa rí, òun náà ló máa sọ bóyá ilé lẹ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nítorí náà mi ò ní fi igbó wé igbó, ẹni tó máa mú yín wọ̀ ọ́ ni màá fi wé ara wọn.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Owó lákọ̀ọ́kọ́. Mi ò ní kọ náírà síbí torí tí mo bá kọ ọ́ lónìí, epo á ti wọ́n sí i kí ẹ tó kà á tán. Owó lébìrà oko ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá kọ ebè fún èèyàn látàárọ̀ dé ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Odo-Ere mọ iye tó jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Èkejì, ṣé ẹni yẹn máa wá lọ́jọ́ tó dá, ṣé ó sì máa dúró tì yín títí ẹ ó fi jáde. Ìkejì yẹn ló le jù, ẹ ó rí i níwájú.

Ẹ̀kẹta ni ààbò, mo sì pín in sí mẹ́ta: èèyàn, ihò, àti ohun tó ń bu èèyàn jẹ. Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn náà ni wọ́n ṣe léwu sí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọdún 2024 àti 2025 ò rọrùn lójú ọ̀nà wa, àwọn ajínigbé ti ba nǹkan jẹ́ fún wa gan-an, àwọn abúlé kan wà tí àgbẹ̀ ibẹ̀ ò lè dá lọ sóko àkùrọ̀ ara ẹ̀. Nítorí náà tí ọ̀nà tí ẹ mú ò bá sí ìròyìn tòótọ́ nínú ẹ̀ nípa bí igbó ṣe rí LỌ́SẸ̀ YẸN, mo ti já máàkì yẹn kúrò nìyẹn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ni ẹ máa rí, ẹ̀karùn-ún, ẹsẹ̀ yín ńkọ́. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ṣeré.

Ọdẹ

Ọdẹ ni mo fi ṣáájú torí òun ni mo fẹ́ràn jù, kí n má purọ́ fún yín.

Ẹ ò lè rí ọdẹ gidi he ní páàkì ọkọ̀. Ilé ọba tàbí ilé olórí ọdẹ lẹ máa lọ, ẹ mú obì àti ṣìnáápù dání, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Wọn á bi yín pé ọmọ ta ni yín. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti àríyànjiyàn o, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, ẹ̀yin tí ẹ ò ní ẹnì kankan níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó ní, ẹ jẹ́ kó bá yín lọ. Ìgbà tí mo dárúkọ agbo ilé ìyé mi (ìyẹn bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa), bàbá tó jókòó sápá ọ̀tún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣé ìwọ lọmọ tó máa ń sá wọ abẹ́ tábìlì tí a bá ti yìnbọn níbi ìsìnkú!" Bó ṣe di pé wọ́n fún mi ní ọdẹ nìyẹn, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dúnàá dúrà.

Owó ẹ̀ tó owó lébìrà méjì fún ọjọ́ kan. Ẹ fi oúnjẹ kún un, àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá pọ̀ ju mẹ́ta lọ á ní kí ẹ mú ọdẹ kejì tó máa wà lẹ́yìn, ẹ má rò pé ó fẹ́ jẹ yín ni, ó ní ìdí: ẹni tó bá wà lẹ́yìn pátápátá ni igbó máa ń gbé.

Nípa ààbò, ìdí tí mo fi fi í ṣe àkọ́kọ́ nìyí. Àwọn ọdẹ yìí kan náà làwọn tó ń ṣọ́ ìlú lóru ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n mọ ọ̀nà tó dáa lánàá tí ò dáa lónìí. Ìgbà kan a ti dé ìdí ìrókò kan, bàbá dúró, ó wo ilẹ̀, ó ní ká padà. Mi ò rí nǹkan kan. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà tí òun ò mọ̀ ni. A padà lóòótọ́, owó mi lọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bínú.

Ihò ńkọ́? Ọdẹ mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèyàn ṣe mọ àwọn ọmọ àdúgbò. Ó ní orúkọ tó fún wọn: ihò tí màlúù já sí, ihò olóyin, ihò tí kò nísàlẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níwájú kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e, torí ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ nípa ihò kùsà àtijọ́ ni pé wọn kì í gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ nìkan, tí wọ́n bá ti rí ibi tí kùsà gbà wọ́n á máa tẹ̀ lé e wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé, tí ẹ fi ọwọ́ kọ́ ọrùn ara yín tí ẹ ń ya fọ́tò, ó lè jẹ́ òrùlé ihò míì.

Ohun tí ojú rí pọ̀. Ipasẹ̀ ẹtu, ti ìgalà, ìyẹ́ awó, àwọn ọ̀bọ lórí igi létí omi, igi apá, igi òrí, ẹgbẹ́ odò tí igbó ti dí tí oòrùn ò lè wọ̀ ọ́. Èmi ò tíì fojú mi rí ju ẹtu kan lọ, ó sáré kọjá, ó tán. Ọ̀pọ̀ ibi tí igi ńlá wà rí, kùkùté ló kù, àwọn tó ń gé rosewood lọ fún àwọn ará Ṣáínà kọ́kọ́ wá, àwọn tó ń jó èédú wá kó ìyókù. Ẹni tó bá wá wo igbó kìjikìji kó mọ̀ pé létí odò nìkan ló ti máa rí i, ibi yòókù, koríko àti igi kéékèèké ni.

Ibi tí ọdẹ ti kù díẹ̀ káàtó: kì í sọ̀rọ̀. Wákàtí méjì lè kọjá kó máa fọwọ́ júwe. "Ó ti kù díẹ̀" lẹ́nu ọdẹ, ìyẹn lè jẹ́ máìlì mẹ́rin. Á yára rìn, tó bá sì rí ẹran ó lè gbàgbé pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun, nítorí náà ẹ́yìn ẹ̀ ni kí ẹ máa wà, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe ọ̀nà, ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí kò ní mú yín dé, ó lè jẹ́ igbó ìgbàlẹ̀ tàbí ibi tí àwọn ará ìlú kan ti ń bọ ohun tí wọ́n ń bọ. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má fi dọ́là dán an wò. Tó bá sì pa akika tàbí tí ẹnì kan bá gbé e wá tà fún yín, ẹ kọ̀ ọ́, òfin àgbáyé ti de òwò ẹran yẹn, ọ̀ràn ni.

Ọlọ́kadà

Tó bá jẹ́ pé ihò nìkan lẹ fẹ́ rí, tí ẹ ò sì lè fi odidi ọjọ́ kan ṣe é, kò sẹ́ni tó yá bí ọlọ́kadà. Àwọn ọ̀nà tí wọ́n là fún iṣẹ́ kùsà ṣì wà, ó ti sán, ó ti gbẹ́, máṣíìnì ṣì ń gbà á ṣá. Ibi tí ẹsẹ̀ máa fi wákàtí mẹ́ta rìn, ìṣẹ́jú ogójì. Owó lébìrà kan, ó pọ̀ jù kan àti ààbọ̀.

Ẹ gbọ́ tèmi. Ọjọ́ ọjà ni, mi ò ronú nípa ìyẹn rárá. Ọmọkùnrin kan gbé mi láàárọ̀, ó ń kọrin lọ lójú ọ̀nà, ọmọ dáadáa ni, a dé etí ihò láago mẹ́wàá, mo san owó àlọ àtàbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí òmùgọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ya fọ́tò yín, ẹ jẹ́ n sáré gbé ìyàwó ẹnì kan dé ọjà, mo ń bọ̀ nísinsìnyí." Aago méjìlá lù, mo ń retí. Aago méjì lù. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí, omi tí mo mú dání ti tán, amukúrù ti fi mí ṣe oúnjẹ ọ̀sán, àwọn kòkòrò kékeré dúdú yẹn tó máa ń wà létí odò tó ń sáré, àwọn náà ló ń gbé àrùn tó ń fọ́ ojú kiri. Ẹsẹ̀ ni mo fi padà. Mo bá a ní páàkì tó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ó rí mi, ó dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, èrò pọ̀ ni." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo jókòó tì í, mo ra ẹ̀wà tèmi.

Láti ọjọ́ yẹn, ààbọ̀ owó lọ́wọ́, ààbọ̀ tí a bá padà délé, mi ò sì jẹ́ lọ lọ́jọ́ ọjà mọ́. Tí ẹ bá lè san owó kí ó dúró tì yín, ẹ san án, ẹ jẹ́ kó pa máṣíìnì kó jókòó síbi tí ẹ ti ń rí i.

Ohun tí ọlọ́kadà ò lè fún yín ni igbó fúnra ẹ̀. Ariwo máṣíìnì ti lé gbogbo ohun tó ní ìyẹ́ àti ohun tó ní ìrù lọ kí ẹ tó dé. Ó sì mọ ọ̀nà, kò mọ ilẹ̀: tèmi yẹn gbé máṣíìnì lọ dúró gẹ́lẹ́ sí bèbè ihò, ó ń tutọ́ sínú omi. Nípa ìròyìn ọ̀nà ṣá, wọ́n gbọ́ nǹkan púpọ̀ torí gbogbo èèyàn ni wọ́n ń gbé, àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni kí ẹ bi wọ́n, kì í ṣe alẹ́ àná.

Awakùsà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn òkúta, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí. Kò sí ẹni tó lè fi ihò kùsà han èèyàn bí ẹni tó ń gbé inú ẹ̀. Àwọn kan ṣì ń padà lọ tú àwọn ihò àtijọ́ yẹn, wọ́n ń fọ́ ohun tí àwọn ti àná fi sílẹ̀, àwọn míì jẹ́ ọmọ ìlú, àwọn míì ti ọ̀nà jíjìn wá. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tí ara ẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ọjọ́ kan lọ́dọ̀ ẹ̀ ju ọdún kan ní kíláàsì lọ.

Mo jókòó ti ọ̀kan nínú wọn lábẹ́ igi kajú. Ó fi ibi tí òkúta funfun ti là wọ àárín òkúta dúdú hàn mí, bí ọ̀rá ṣe máa ń là wọ àárín ẹran màlúù. Ó ní inú ọ̀rá yẹn lohun gbogbo wà. Ó fún mi ní òkúta pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi jígí, ó ní kí n ṣí i, mo ṣí i ní ewé ewé bí ìwé. Ó fi tọmalíìnì dúdú hàn mí, gígùn bíi pẹ́ńsùlù. Lẹ́yìn náà ló kó òkúta méjì sí mi lọ́wọ́, wọn ò ju èkùrọ́ lọ, méjèèjì dúdú, ó ní èwo ni tantaláìtì? Mo mú èyí tó ń dán. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n má wo ojú, kí n fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ̀kan lára wọn wúwo bí ẹni pé wọ́n fi irin kún inú ẹ̀. Èyí tí ò dán yẹn ni.

Owó ẹ̀? Ó lè má gbà kọ́bọ̀, kó kàn ní kí ẹ ra gààrí àti ẹja fún òun. Ibi tí owó ti ń jáde ni pé wọ́n á fẹ́ ta òkúta fún yín. Ẹ MÁ RÀ Á. Òfin kùsà ti 2007 sọ ọ́ kedere pé gbogbo kùsà tó wà nínú ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni, ì báà jẹ́ pé inú oko bàbá ńlá yín ló wà, ẹni tí ò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ wà á kò sì gbọ́dọ̀ tà á. Ní 2024 wọ́n tún kó àwọn kan jọ lára sífú dìfẹ́ńsì tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa mú awakùsà tí ò níwèé lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé, gbogbo ẹni tó bá wà létí ihò ni wọ́n máa kó, ta ló fẹ́ gbọ́ pé fọ́tò lẹ wá yà?

Ewu míì wà tí ojú ò rí. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, òkúta wúrà tí òjé wà nínú ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń kó wálé láti lọ̀ láàárín agbo ilé, ekuru ẹ̀ wọ oúnjẹ, ó wọ ọwọ́ ọmọdé, ó tó 400 ọmọ tó bá a lọ. Mi ò ní òkúta tiwa dà bíi tiwọn o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má dúró sínú ekuru ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta, ẹ má sì mu omi ìṣàn tó wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣan wúrà, torí mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, ni ọ̀pọ̀ awakùsà fi ń kó wúrà jọ, ẹnikẹ́ni ò lè rí ìyẹn nínú omi. Bàtà tí ẹ bá wọ̀ lọ, ẹ bọ́ ọ síta kí ẹ tó wọlé bá àwọn ọmọ.

Ìgbẹ́kẹ̀lé wọn ò lọ síbì kankan. Lónìí wọ́n wà níbí, tí ariwo wúrà bá ta lápá ibòmíì, ẹ ò ní bá ẹnì kankan lọ́la. Wọ́n á tún máa fura sí yín, ẹni tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ìjọba ni lójú wọn, tàbí kó jẹ́ ẹni tó wá ra ọjà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n lọ pẹ̀lú ọdẹ tó mọ̀ wọ́n, kí n bá wọn jókòó fún wákàtí kan, kí n sì máa lọ.

Ẹgbẹ́

Ẹgbẹ́ ni àwọn ọmọ yunifásítì tó wá kọ́ nípa òkúta pẹ̀lú olùkọ́ wọn, àwọn kọ́pà, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, àwọn ọmọ ìlú tó wálé ọdún tí wọ́n sì dá owó jọ. Tí wọ́n bá fi owó pín in, ó lè má tó ìdajì owó lébìrà kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń kọ ìwé sí ọba àti ọlọ́pàá ṣáájú, fìjílántì á bá wọn lọ, bọ́ọ̀sì á dúró dè wọ́n. Nípa ààbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọdẹ.

Àmọ́ ẹ ò ní rí igbó. Ẹgbẹ́ tí mo bá lọ, a tó ogójì, ẹnì kan gbé sípíkà dání. Sípíkà, nínú igbó! Ẹyẹ àparò kan ò fò. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjọ́ yẹn, lórí kí wọ́n máa pe ẹni tó sọnù àti kí wọ́n máa pín jọ̀lọ́ọ̀fù ló lọ. Ẹni tí olùkọ́ kùsà bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn ló jèrè, kí wọ́n rọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ẹ̀yin àti fóònù yín nìkan

Rárá. Máàpù orí fóònù máa fi ewéko hàn yín, kò ní fi ihò hàn yín, nẹ́tíwọ̀kì á sì ti lọ kí ẹ tó mọ̀. Tí wọ́n bá rí àjèjì kan tó ń dá rìn nínú igbó lásìkò yìí, ẹ̀rù yín á kọ́kọ́ ba àwọn ará ìlú ni, ohun tí ẹ̀rù sì ń mú èèyàn tó gbé ìbọn dání ṣe, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kan gbogbo wọn

Àsìkò tó dáa jù lọ́dọ̀ wa ni ìparí oṣù kọkànlá wọ àárín oṣù kejìlá. Òjò ti dá, omi ṣì wà nínú ihò, wọn ò tíì máa fi iná sun igbó. Lóṣù kìíní ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan, iná sì lè lé yín ká. Oṣù kẹsàn-án, koríko ga ju èèyàn lọ, ẹ ò ní rí ihò títí ẹ máa fi wà nínú ẹ̀. Láti oṣù kejì dé ìkẹrin, kajú ni gbogbo ayé ń ṣà, owó ló so lórí igi yẹn, ẹ má wọ oko kajú olóko rárá, ẹ má tiẹ̀ ká ẹyọ kan torí òùngbẹ.

Ṣòkòtò gígùn, bàtà òjò tó ga dé orókún torí paramọ́lẹ̀, aṣọ tí ò dúdú torí eṣinṣin irù tó ń ta èèyàn fẹ́ràn aṣọ dúdú àti búlúù. Omi tó pọ̀. Inú ihò kùsà, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ láéláé, bó ti wù kó lẹ́wà tó: kì í ní bèbè tó rọra lọ sísàlẹ̀ bíi ti odò, ògiri ló wọ inú omi tààrà, ẹni tó mọ̀wẹ̀ gan-an lè má rí ibi tó máa dì mú jáde.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó fẹ́ rí igbó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dá, tó lè dákẹ́: ọdẹ, kó má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó wá ilé fún ọjọ́ méjì tó kàn fẹ́ fọ́tò ihò: ọlọ́kadà, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, owó ní ìlàjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa òkúta: ẹgbẹ́ tó ní olùkọ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó padà wá pẹ̀lú ọdẹ, kó ní kí ọdẹ mú òun kí àwọn awakùsà. Ẹni tí kò tíì wọ igbó rí láyé ẹ̀, tàbí tí ò ní ìbátan kankan nílẹ̀ Okun: ẹgbẹ́, ó sàn kí sípíkà bà á nínú jẹ́ ju kó sọnù lọ.

Àwọn tó ní ọmọ kéékèèké tàbí bàbá àgbà tí orókún ń dùn, ẹ fi ihò sílẹ̀ pátápátá. Ẹ lọ sápá dáàmù ní Ejiba, ẹ bi àwọn tó ń ṣọ́ ọ pé ibo ni àyè wà láti dúró, ẹ wo omi, ẹ ra ẹja tútù, ẹ máa lọ sílé. Àwọn ọmọ mi gbádùn ìyẹn ju gbogbo fọ́tò tí mo ti yà lọ.

Àti ẹ̀yin tó ti ń ronú oṣù kọkànlá, ẹ ránṣẹ́ sí olórí ọdẹ láti ìparí oṣù kẹwàá, torí ìgbà yẹn làwọn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí ẹ bá dé lójijì, àwọn ìyàwó wọn nìkan lẹ máa bá nílé.